Sólà inú camper: kọntiróla ní bátìrì ti yó, bátìrì ní òun ò jẹun

Pánẹ́ẹ̀lì 200W méjèèjì ti wà lórí òrùlé camper wa, ilé orí táyà tí ọkọ̀ ń fà, mo sì ti fi Dicor, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí òrùlé, dí gbogbo ihò skrúù. Òjò Houston ti rọ̀ lé e lórí, omi ò wọlé. Iṣẹ́ òkè parí sí bẹ́ẹ̀.

Inú ilé ni wàhálà wà. Kọntiróla tó bá camper yìí wá láti ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, máa ń sọ lọ́sàn-án gangan pé bátìrì ti kún. Á tan iná àwọ̀ ewé, á sì dẹwọ́, nígbà tí oòrùn ṣì ń jó wa lórí. Fáànù àti fíríìjì á fi òru jẹ ìwọ̀nba tó wọlé. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ á kàn mọ́ ni, fíríìjì á ti dákẹ́, bátìrì á ti pa ara rẹ̀. Bátìrì lithium tuntun, 100Ah, tí mo kọ ìtàn owó rẹ̀ síbí nígbà tó kọjá! Ẹ ò rí i pé ó dunni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi inverter sí ilé fún àwọn èèyàn ní Ìbàdàn. Mo ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lójú kọntiróla fún wọn. Wọn ò jẹ́ kí n kà á tán.
"Àbúrò, níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"
"Ojú kọntiróla ni, bọ̀dá."
"Gbé mítà. Lọ fi kan orí bátìrì fúnra rẹ̀, nígbà tí iná ń wọlé. Má fi kan wáyà o, irin orí bátìrì gan-an ni."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tó ń wọlé jẹ́ áńpíà 15. Lẹ́nu kọntiróla, 14.4V. Lórí bátìrì, 13.4V. Odindi fólítì kan ti sọnù sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ilé iṣẹ́ tó kan camper yìí gbé kọntiróla sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ojú rẹ̀ lè wuni, wọ́n wá fi wáyà 12 AWG gba inú ògiri lọ bá bátìrì (AWG ni nọ́ńbà ìnípọn wáyà: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni wáyà ń nípọn tó). Ẹsẹ̀ bàtà 18 ni àlọ, 18 ni àbọ̀. Bàbà tó tín-ín-rín tó báyẹn, tó gùn tó báyẹn, ìdènà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 0.06 ohm. Ẹ fi áńpíà 15 lù ú: 0.9V nìyẹn. Fíúsì àti àwọn ojú ìsopọ̀ ló kó ìyókù. Iná tó sọnù yẹn ò ju wáàtì 15 lọ, kò tó nǹkan tí à ń tìtorí ẹ̀ bínú. Irọ́ tó ń pa fún kọntiróla ló burú. Kọntiróla kò rí bátìrì rárá. Ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Bí ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì tó ń kéde pé gbogbo àlejò inú ilé ti jẹun ló rí. Ó rí 14.4V, ó ní iṣẹ́ ti dé ìpele tó kẹ́yìn, ó ka wákàtí méjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí 13.5V. Bátìrì tí ebi ń pa kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí n fa wáyà 4 AWG gba ojú ọ̀nà kan náà, ni mo bá lọ ra wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra wáyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa la ojú yín. Èyí tí owó rẹ̀ jọ ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó spíkà ńlá sínú mọ́tò, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ họ fọ́nrán kan: tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Ó máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́, ìdènà rẹ̀ sì ju ti bàbà gidi lọ dáadáa. Àwọn oníṣẹ́ iná nílé mọ èyí dunjú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń họ wáyà lójú ẹni tó ń tà á kí wọ́n tó sanwó. Mo rí bàbà gidi rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ojú omi. Ó wọ́n. Mo sanwó.

Wáyà dé, kò wọ inú ògiri. Fóòmù ti kún ibẹ̀ bámúbámú, àfi kí n dá ògiri lu lẹ́yìn fíríìjì. Ìyàwó mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo gbé dírílì sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Dípò kí n sọ wáyà di ńlá, mo gbé kọntiróla lọ bá bátìrì. Mo tú ti ògiri kúrò, mo fi kọntiróla mìíràn, Victron 100/30 tó jẹ́ MPPT (irú tó ń yí fólítì gíga padà sí áńpíà púpọ̀), tó ti wà nínú páálí láti ìgbà Ọdún Àjíǹde sábẹ́ ìjókòó, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí bátìrì. 6 AWG ló so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú fíúsì 40A nídìí bátìrì. Wáyà tín-ín-rín inú ògiri wá di ti pánẹ́ẹ̀lì. Mo so pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì tẹ̀léra, ìrù ọ̀kan mọ́ orí èkejì, tó fi jẹ́ pé 38V ni áńpíà bíi 9 ń gbé bọ̀. Kí ìdajì fólítì sọnù nínú 38, ta ló bìkítà? MPPT á yí ìyókù padà sí ohun tí bátìrì ń fẹ́. (Ẹ fi aṣọ bo pánẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ sì so bátìrì mọ́ kọntiróla kí ẹ tó so pánẹ́ẹ̀lì.)

Lánàá, áńpíà 24 wọlé: 14.20V lẹ́nu kọntiróla, 14.15V lórí bátìrì. Mo pariwo. Ajá aládùúgbò dá mi lóhùn.

Ohun kan ṣì kù. Ní ìrọ̀lẹ́, òjìji AC orí òrùlé máa ń bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn. Fólítì já láti 38 sí nǹkan bí 28, torí dáyóòdù inú pánẹ́ẹ̀lì fo apá tí òjìji bò. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná ṣì ń wọlé, mo fara mọ́ ọn.

Ti alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń fà wá, ńkọ́? Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fagi lé DC-DC tí mo ti ń pariwo rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná alternator gba agbára sí bátìrì camper. Ṣùgbọ́n Big Bend, ọgbà ìtura ìjọba nínú aṣálẹ̀ Texas, là ń lọ nínú oṣù Kejìlá, sí ibùdó Cottonwood, níbi tí wọn kì í gbà kéèyàn tan jẹnẹrétọ̀. Oòrùn ọ̀sán ìgbà yẹn kì í ga ju ìwọ̀n 40 lọ lójú ọ̀run níbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tèmi sì sùn gbalaja lórí òrùlé. Nítorí náà ó padà sórí ètò, 30A, wáyà 4 AWG tí ògiri kọ̀ yẹn ni màá sì lò fún un. Wáyà tín-ín-rín ti ojú ìsopọ̀ oníhò méje tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò lè gbé e.

Òtútù aṣálẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. A kì í rọ iná sínú irú bátìrì yìí tí ara rẹ̀ bá ti tutù dé 0°C, inú àpótí ìta ló sì wà báyìí. Màá gbé e wọlé sábẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọntiróla gan-an. 6 AWG á tún kúrú sí i nìyẹn. Màá kọ́kọ́ wá igi tí mo fẹ́ fi dè é mọ́lẹ̀.