Ọwọ́ Tó Wà Lómi

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tí mo bímọ.

Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ti ń kí mi pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi," tí èmi náà sì ń dáhùn bí ẹni pé ọwọ́ tèmi ló wà lómi. Ọwọ́ màámi ló wà lómi. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ yìí, nígbà tí ọmọ ti mu ọyàn tó sì ti sùn padà, wọ́n pè mí sí balùwẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ mí láti ọrùn dé gìgísẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wẹ ọmọ náà ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Ojú tì mí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní báyìí, bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó pè mí, èmi ni mo máa ń yọjú wò wọ́n.

Lẹ́yìn ìwẹ̀ ló kan òrí àti osùn. Òrí tí wọ́n gbé wá láti Ṣakí ti le gbagidi nínú igbá nítorí ọyẹ́. Wọ́n fi èékánná ha díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há a mọ́, wọn kò sì sọ nǹkan kan títí ó fi yọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu osùn lé e, wọ́n pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká mi wálẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ibi tí ọmọ gbígbé ti mú kí ó ro mí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, orí ọlọ ni ìyá àwọn ti máa ń fi omi lọ igi osùn. Èyí tí à ń lò yìí, lẹ́búlẹ́bú ni mo rà á lọ́wọ́ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní Ọjà Ọba. Aṣọ ibùsùn wa kò lè funfun mọ́ láéláé, bàbá ọmọ sì ti gba kámú.

Màámi ní osùn ló ń mú kí ara ọlọ́mọ tuntun máa dán. Èmi kò lè búra pé kì í ṣe òrí nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ara mi ń jọ̀lọ̀ lóòótọ́. Àwọn ìlà tí oyún fà sí ikùn mi kò kúrò, n kò sì retí pé kí wọ́n kúrò, nítorí kò sí ìpara tó lè pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Ọjọ́ ló ń mú kí wọ́n ṣá díẹ̀díẹ̀. Ìlà dúdú tó gba ìdodo mi kọjá sísàlẹ̀ náà yóò lọ ní àkókò tirẹ̀, bí èyí tí mo ní nígbà oyún àkọ́kọ́ ṣe lọ.

Omi gbígbóná ni ohun tí a kò fẹnu kò lé lórí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni wọ́n bù sínú báàfù, wọ́n da oògùn apakòkòrò sí i, wọ́n ní kí n jókòó sínú rẹ̀ kí ojú ara mi lè padà sípò. Ńṣe ni ara mi bó níbi tí wọ́n rán, n kò sì lè jókòó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi nígbà náà ló là á yé mi pé ilé ọmọ kì í dúró de omi gbígbóná kí ó tó súnkì: fúnra rẹ̀ ló ń súnkì, tí yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé inú tó máa ń run mí bí ọmọ bá ti gbé ọyàn sẹ́nu, iṣẹ́ náà gan-an ló ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi kí n tó jókòó. Màámi ń wò mí bí ọmọ tí ìwé ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi jà. Aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀yìn mi báyìí.

A jọ jà lórí tìróò, ní tòótọ́. Wọ́n fẹ́ lé e fún ọmọ, mo kọ̀ jálẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò tó wá láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n sì yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ṣé tìróò tí àwọn fi lé ojú mi kọ́ ni mo fi ń ka ìwé tí mo ti rí i. N kò rí èsì fọ̀.

Ṣùgbọ́n lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan gbé ike ìpara wá, ó ní ọrùn àti abíyá mi ti dúdú jù, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yóò ti mọ́. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára ike náà, kò sì sí nọ́ńbà NAFDAC. Irú ìpara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń po mẹ́kúrì mọ́, mẹ́kúrì yìí sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kí n tó ronú ohun tí mo máa sọ tí kò ní dun ọ̀rẹ́ mi, màámi ti gbé orí sókè níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ ọmọ, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa mu ọyàn tí ẹ bá fi í pa?"

Mo mọ̀ pé irun iwájú orí mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já tí ọmọ bá pé bí oṣù mẹ́ta. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà àkọ́kọ́, ó sì hù padà.

Ogójì ọjọ́ ni màámi máa lò lọ́dọ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, mo ṣí agolo osùn, mo rí i pé èyí tó kù síbẹ̀ kò lè tó ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì ní kí n lọ ra kún un lọ́la. Wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu, pé àwọn yóò máa bù ú níwọ̀n.