Àfonífojì Tí Èèwọ̀ Ń Ṣọ́: Ọjọ́ Kan ní Val Trupchun

Ìjọ aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Àdúrà tí mo mọ̀ ni àdúrà agogo àti àtẹ́wọ́, èyí tí ohùn èèyàn á ti há kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Olúwa mi, n kò sì ní fi ṣeré láéláé. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, mo dé ibì kan ní Swítsàlandì tí mo la ẹnu láti gbàdúrà tí ohùn kò jáde, ọkàn mi sì balẹ̀ pé Ó gbọ́.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Zürich ló mú mi lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò nílé. Ní Landquart, a bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré pupa kan, ó gòkè, ó wọ ihò Vereina tó gùn tó kìlómítà 19 lábẹ́ òkè, ó sì gbé wa jáde sí agbègbè Engadin. Èdè Romansh ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. "Allegra!" ni wọ́n fi ń kí wa lójú ọ̀nà, àgbà àti ọmọdé. Ìkíni yẹn tù mí lára. Ibi tí wọ́n bá ti ń kí àlejò kò lè ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá.

A sọ̀ ní abúlé S-chanf, a sì fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò títí a fi dé ibi tí Ọgbà Orílẹ̀-èdè Swítsàlandì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àfonífojì Val Trupchun wà nínú rẹ̀. Kò sí odi onírin, kò sí géètì. Pátákó kan ṣoṣo ló dúró síbẹ̀, èèwọ̀ ló sì kún ara rẹ̀: o kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, o kò gbọdọ̀ mú ajá wá, o kò gbọdọ̀ já òdòdó tàbí ṣa òkúta, o kò gbọdọ̀ dáná, o kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Tí òtútù bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ títí yìnyín yóò fi yọ́. Mo dúró, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Igbó àìwọ̀ ni, àfi pé àwọn ará ibí ṣí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún àlejò.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo òkè Alps. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 170 níbùú lóòró. Kí ó tó di ìgbà yẹn, wọ́n ti gé igi ibẹ̀ fún iná àwọn tó ń yọ́ irin, wọ́n sì ti dọdẹ rẹ̀ débi pé ẹranko ń tán lọ. Owó tí wọ́n máa fi yá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn abúlé kò kéré, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1909, tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá fránkì kan péré lọ́dún. Fránkì kan! Mo ronú sí èyí gan-an bí a ti ń gòkè. Láti ìgbà náà, igi tó bá ṣubú, ibi tó ṣubú sí ló ń jẹrà sí. Mo rí ọ̀kan tí àárín rẹ̀ ti di ilẹ̀ dúdú, tí igi kékeré mẹ́ta sì ń hù lórí rẹ̀ ní títò, bí ọmọ lẹ́yìn ìyá.

Nǹkan bí ọ̀sán ni òjìji kan kọjá lórí ọ̀nà níwájú wa. A gbójú sókè. Igún onírùngbọ̀n ni, èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ bá tẹ́, á sún mọ́ mítà 3. Eegun ló ń jẹ. Á gbé e lọ sókè, á jù ú sórí àpáta kí ó fọ́. Àwa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn baba ńlá ibí pa tiwọn, wọ́n ní ó ń gbé ọ̀dọ́ àgùntàn àti ọmọ ènìyàn lọ, títí kò fi ku ẹyọ kan lórí òkè Alps. Ọdún 1991 ni wọ́n kó àwọn ọmọ igún wá sínú ọgbà yìí, kí irú rẹ̀ lè padà. Èyí tó kọjá lórí wa kò ju ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kàn ń fò lọ ni.

Ní Alp Trupchun, pápá koríko kan nínú àfonífojì náà, bí èèyàn ogún ló jókòó sórí koríko, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Màmá àgbàlagbà kan na awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí mi láìsọ nǹkan kan. Kẹ́kẹ́ pa. Mo ń gbọ́ èémí ara mi, mo ń gbọ́ omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bú jáde láti ara òkè, ohùn tó rinlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí ńlá lórí sìmẹ́ǹtì. Akọ àgbọ̀nrín ni. Òmíràn dá a lóhùn lódìkejì. Àsìkò tí akọ wọn ń gun abo ló dé. Oṣù Kẹsàn-án yìí kan náà ni àwọn ọdẹ Graubünden, ìpínlẹ̀ tí ọgbà náà wà, ń dẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ààlà ọgbà, ṣùgbọ́n níhìn-ín ẹranko dúró ní gbangba lọ́sàn-án gangan, ó gbé ìwo ẹlẹ́ka rẹ̀ sókè, ó sì ń ké. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kan òun.

Bí igbe náà bá ti dáwọ́ dúró, ìdákẹ́rọ́rọ́ á tún jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àárín igbe méjì ni mo ti fẹ́ gbàdúrà. Mo ní orúkọ àwọn tí mo fẹ́ dá lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá mi tó ń ṣàìsàn, ọmọ mi, ilé wa. Ẹnu mi là, mo tún pa á dé. Mo kàn rántí ojú wọn ni, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Omijé bọ́ lójú mi, àbúrò mi rí i, kò sì bi mí.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí èso igi páìnì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹyẹ ti ṣá ìdajì rẹ̀ jẹ. Mo mú un láìronú, mo jù ú sápò. A ti rìn jìnnà kí àbúrò mi tó fura.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ mú yẹn? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ẹyẹ kò tíì jẹ ẹ́ tán."

A padà gòkè, ó gbà wá ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tẹ́ ẹ sí ibi tí mo ti mú un, mo sì yí ojú tí ẹyẹ ti ṣá sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tún wọ inú ihò Vereina lálẹ́, oje rẹ̀ ṣì ń ta sánsán ní ìka mi.