Wọ́n Ní Aláìnílé Ni Wá

Kì í ṣe pé a sùn sí títì o. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ní apá kejì Houston ní Amẹ́ríkà, la sùn sí, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ méjì, lẹ́yìn tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù tí apá mi ò ká owó ilé mọ́. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí là ń tẹ́. Tó bá fi máa di ìdájí, ó ti jò tán, ìhà wa ti kanlẹ̀.

Mo mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa. Akọ̀wé ní kí n mú ìwé àdéhùn ilé wá. Èwo ni ìwé àdéhùn lọ́dọ̀ àna ẹni? Ó tún na fọ́ọ̀mù kan sí mi tó ń bèèrè ibi tí ọmọ ń sùn lálẹ́: ilé tiwa, mọ̀tẹ́ẹ̀lì, inú ọkọ̀, àbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì torí àìrówó. Ojú tì mí, mo fàmì sí "ilé tiwa". Ọjọ́ mẹ́fà làwọn ọmọ fi jókòó sílé, tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n láì gbóhùn rẹ̀ sókè, torí iṣẹ́ òru ni ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ló là mí lójú. "Dádì Táyọ̀, ẹ lọ tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ. Kẹ́ ẹ bèèrè liaison."

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1987, McKinney-Vento ni wọ́n ń pè é. Lójú òfin yìí, ọmọ tó bá ń gbé nílé onílé torí pé àwọn òbí rẹ̀ ò rówó gbalé, aláìnílé ni. Dandan ni kí àjọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ní liaison, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀, ì báà máà ní ìwé ilé tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á máa wá ìyẹn bọ̀ lẹ́yìn. Oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ìjọba yàn náà ní òfin tirẹ̀ láti 2015, kó má baà di pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e kúrò nílé kan ló ń pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bó bá sì jẹ́ ìwé ìgbélùú lẹ̀ ń bẹ̀rù, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1982 pé a ò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ lè dúró sílé ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́, kí wọ́n sì wá bọ́ọ̀sì fún wọn. Ohun tá a mú nìyẹn. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń dé. Inú òkùnkùn ni mo ti ń de okùn bàtà fún ọmọ tó ń tòògbé lórí ìdúró. Nígbà tá a rílé gbà ní February, bọ́ọ̀sì náà ò dáwọ́ dúró títí ọdún ẹ̀kọ́ fi parí. Òfin náà ló wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà liaison ló dájà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ló kó o wọlé. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Aláìnílé? Nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń kí wa ní "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará títì."