Aràn inú ẹja Titus

Lọ́jà ẹja Kado, níbí l'Ábújá, oníbàárà kan fi ariwo ta, ó ní ẹja Titus tí Ìyá Ìbejì tà fún òun ti dìdin. Ìyá Ìbejì ń búra pé inú yìnyín ló ti jáde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n wò ó."

Aràn funfun tín-ín-rín kan ló ká ara rẹ̀ bí ẹní sára ẹ̀dọ̀ ẹja náà. Inú mi dùn dé gongo. Anisakis ni, aràn kan tó máa ń gbé inú ẹja òkun! Kì í ṣe ìdin eṣinṣin rárá. Inú àbùùbùtán ló ti ń dàgbà. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde sínú òkun, edé kéékèèké á gbé ọmọ rẹ̀ mì, ẹja á jẹ edé, àbùùbùtán á tún jẹ ẹja. Aràn bíńtín, odindi òkun ló rọ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi fi ayé mi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àwọn afòmọ́, ìyẹn ohun abẹ̀mí tó ń gbé ara ẹ̀dá mìíràn jẹun, nìyẹn.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kuris, Lafferty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ní ẹnu odò mẹ́ta ní California àti Baja California, àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn afòmọ́ ju ti ẹyẹ lọ. Ẹ bá mi rò ó wò!

Mo sọ fún oníbàárà náà pé kó yọ ìfun ẹja náà dànù, kó sè é jinná dáadáa, iná ń pa aràn náà. Ó gbé ẹja rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì bi mí bóyá irú rẹ̀ wà nínú panla náà. Ó wà, mà.