Àmì Ohùn Kan Péré

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi wà lára àwọn tó máa ń bá ènìyàn jà lórí àmì ohùn. Tí ẹnìkan bá kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi àmì sí i, bí ẹni tó ń rin ìhòòhò ni mo ṣe máa ń wò ó. Mo ti bá ẹni tí n kò mọ̀ rí fa ọ̀rọ̀ di aago méjì òru nítorí "igba" àti "igbá". Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi dùn mọ́ àwọn tó mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ eré olórin. Eré 7 la máa ṣe, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé ìṣẹ́jú 10 rọrùn ju eré wákàtí méjì lọ. Irọ́ ni. Láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn, o gbọ́dọ̀ fi ẹnìkan han òǹwòran, kí ẹni náà kọrin nípa ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, kí nǹkan dí i lọ́nà, kí ọ̀nà là tàbí kó dí pátápátá, kí iná tó kú. Orin ohun-tí-mo-ń-fẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ tètè wọlé. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú kẹrin tí òǹwòran kò tíì mọ ohun tí obìnrin orí ìtàgé ń wá, fóònù ni wọ́n á gbójú lé. (Ohun tí obìnrin tèmi ń wá, kò pé ìṣẹ́jú kan tí gbogbo ilé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ máa bá mi bọ̀.)

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú eré olórin: ìtàn, ọ̀rọ̀ orin, àti ohùn orin. Èmi mú méjì àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ dùùrù mú ẹ̀kẹta. Àríyànjiyàn kan wà láàárín irú wa tí kì í tán: ṣé ọ̀rọ̀ ni kó ṣíwájú ni, àbí ohùn? Richard Rodgers, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ohùn orin fún eré olórin, ṣe é lọ́nà méjèèjì. Nígbà tí Lorenz Hart ń bá a kọ ọ̀rọ̀ orin, ohùn ló sábà máa ń ṣíwájú. Nígbà tí òun àti Oscar Hammerstein, òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ orin mìíràn, wá gbé eré wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1943, ọ̀rọ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní ti Hart ni ká ṣe. Mo gbà kíá, kì í ṣe torí Hart. N kò tíì kọ nǹkan kan ni.

Ó gba ohùn orin náà sílẹ̀ sórí fóònù, la la la la, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Omijé bọ́ lójú mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Obìnrin kan wà ní ibùdókọ̀, ó ń retí ọkọ rẹ̀ tó ti lọ láti ogún ọdún. Ó wá kọrin báyìí:

Ọkọ mi dà? Ọkọ mi dà?
Ogún ọdún ni mo ti ń wá a.
Ẹnu rẹ̀ mú, ó lágbára,
A jọ ń sùn, a jọ ń jí.
Ta ló gbà á lọ́wọ́ mi?

Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: re re re do. Nínú ìwé, kò lábùkù. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Re mí re do. Ẹyọ kan péré ló gòkè. Ẹ kọ ọ́ wò, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni kò ṣe ta sí wa létí. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dánra wò! Àlàyé mi ni pé gbogbo wa la ti ka ìwé kí a tó gbọ́ orin. Ojú ti sọ fún etí pé ọkọ obìnrin yìí ló sọnù, etí kò sì já a nírọ́. Ó yẹ kí èmi mọ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin ìsìn òyìnbó ti jìn sí kòtò yìí láti ọ̀rúndún 19, Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, sì tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so mọ́ra. Mo mọ gbogbo èyí. Mo tilẹ̀ ti fi ṣe ìkìlọ̀ fún ẹlòmíràn rí, pẹ̀lú ìgbéraga.

Ọjọ́ pé. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ilé àfiṣeré tàbí igi àfiṣeré. Aṣọ dúdú, àga kan, àpótí kan, iná, dùùrù, ó parí. Àga yẹn lè jẹ́ ìtẹ́ ọba nínú eré kìn-ín-ní, kó di orí òkè nínú ìkejì. Nínú tiwa, òun ni ìjókòó ibùdókọ̀. Gbogbo wa la tẹ̀lé òfin yìí àfi ẹni tó kọ eré kẹta. Ìtàn àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá ìṣúra ni tirẹ̀, ó sì ta kú pé láìsí ọkọ́ gidi, òótọ́ inú ìtàn náà kò ní jáde. Wọ́n bá a sọ ọ́ títí. Ọkọ́ gidi ló gbé wá, tí yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan nínú òkùnkùn ni wọ́n fún eré kọ̀ọ̀kan láti palẹ̀ mọ́ fún èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n kó àpò, wọ́n kó fìtílà, wọ́n kó àwòrán ilẹ̀. Iná tàn. Akọrin wa ti jókòó, ó wo ọ̀nà jíjìn bí a ṣe kọ́ ọ. Ọkọ́ fẹ̀yìn ti àga níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná sì ń kọ yẹ̀rì lẹ́nu rẹ̀.

Mo wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu, tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí ọkọ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Akọrin yìí lóhùn, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó la ọ̀rọ̀ lẹ́nu dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Ó là á.

"Ọkọ́ mi dà? Ọkọ́ mi dà?"

Ilé pa lọ́lọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ogún ọdún ni mo ti ń wá a."

Ọmọdé kan ní ìlà kejì ni kò lè mú un mọ́ra: "Màmá, òun nìyẹn!"

Ìgbà yẹn ni etí mi là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò là á, ọmọ ọdún mélòó kan là á. Mo gbọ́ orin ara mi bí àjèjì ṣe ń gbọ́ ọ, ìlà sì ń bọ̀ lẹ́yìn ìlà, èmi náà ni mo kọ wọ́n, n kò lè dá wọn dúró. "Ẹnu rẹ̀ mú" dé, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn ìlà iwájú. "A jọ ń sùn, a jọ ń jí" dé, bàbá tó jókòó níwájú mi fi ìwé ètò bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Láàárín ẹsẹ kìn-ín-ní àti ìkejì, dùùrù nìkan ló máa ń dún fún ìgbà díẹ̀. Akọrin wo ẹ̀gbẹ́, ó rí ọkọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ọkọ́ tí wọ́n gbàgbé yẹn nìkan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, pé kí òun rọra gbé e kúrò lójú. Ló bá dìde, ó gbé e.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé gbiná. Pàtẹ́wọ́, ariwo, ẹnìkan súfèé. Ogún ọdún, ó ti rí i!

Kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Dùùrù sì ti dé ibi tó yẹ kó wọlé. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í dá orin dúró, nítorí náà ó gbá ọkọ́ mọ́ àyà, ó gbé ohùn sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ọkọ́ mi dà?"

Ọkọ rẹ̀ gan-an wá wọlé ní ìparí, báàgì lọ́wọ́, eruku ìrìn àjò lára. "Mo ti dé," ló wí, "èmi ni." Gbogbo ilé wò ó pé ta tún nìyí. Obìnrin náà yíjú sí i, ọkọ́ ti wà léjìká rẹ̀. Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Kò sí ìyẹn nínú ìwé eré, àmọ́ n kò rí ohun tó bójú mu jù ú lọ ní gbogbo alẹ́ yẹn.

Kò sí eré tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún tó tiwa. Lẹ́yìn eré keje, wọ́n kó àwa òǹkọ̀wé jókòó sórí ìtàgé pé kí òǹwòran bi wá ní ìbéèrè. Bàbá tó fi ìwé bojú ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹni tó kọ ti ibùdókọ̀ yẹn, o káre. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Obìnrin ń wá ọkọ́ fún ogún ọdún, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé ohun tí o ní lọ́kàn nìyẹn?"

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ń wo dùùrù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkùnrin tó wá wọlé gbẹ̀yìn ńkọ́? Ìyẹn ò yé mi."

"Àmì ni, sà," mo ní. N kò purọ́.

Nígbà tí a jáde, mo dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ̀rẹ́ mi pé ohùn rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Ó ní la la la lòun fi ránṣẹ́ sí mi, pé òun ò mọ̀ nípa ọkọ tàbí ọkọ́ kankan. Mo wá èsì, n kò rí. Nígbà tó rí i pé ojú mi ti fà ro, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun á tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn tuntun dé sórí fóònù mi. Ó ní òun ti gbé ibi tó gòkè yẹn wálẹ̀ dáadáa. Mo fi ọ̀rọ̀ sí i, mo kọ ọ́ jẹ́ẹ́. Re do re do. "Ọkọ̀ mi dà?"

Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá rántí pé ibùdókọ̀ sáà ni obìnrin náà jókòó sí. Mo fèsì pé ó dáa bẹ́ẹ̀.