Ohun Tí Kóòdù Sáfà Ẹlòmíràn Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, sáfà (server, ètò tó ń gba ìbéèrè tó sì ń dá a lóhùn) àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, Node.js, tó ń jẹ́ kí èdè JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, àti Express, àkójọ kóòdù tó ń bá a darí ìbéèrè, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó dé. Mo ṣí àwọn fáìlì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó nítòsí mi ló bi mí pé, "Ṣé o ti wo package.json?" N kò tíì wò ó.

Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ scripts ni àṣẹ tí wọ́n fi ń tan sáfà wà. Bí ẹ bá rí i pé start ń pe node src/index.js, ẹ ti rí ẹnu ọ̀nà ilé nìyẹn. Lábẹ́ dependencies ni àwọn kóòdù tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn wà, wọn yóò sì sọ fún yín, kí ẹ tó ka ìlà kan, bóyá dátábéèsì (ibi tí a ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí) PostgreSQL ni wọ́n ń lò tàbí MongoDB. Ẹ má ṣe pa package-lock.json rẹ́ nítorí pé ó gùn. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀dà pàtó tí kóòdù àyálò kọ̀ọ̀kan jẹ́, òun náà ni àṣẹ npm ci ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀ (npm ni ètò tó ń gbé kóòdù àyálò wọlé), nígbà tí npm install lè tún un kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e láti ìgbà tó wọlé títí ìdáhùn rẹ̀ yóò fi jáde. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tó yá ju èyí lọ láti mọ kóòdù tí kì í ṣe tiwa, nítorí pé nínú Express, bí a bá ṣe to ìlà tẹ̀ lé ara wọn ni ìbéèrè ṣe ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Nígbà kan, mo kọ ojú ọ̀nà (route) tuntun fún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́, undefined (ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan) ni req.body, ibi tí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹ kó wà, ń fi hàn mí. Mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò, mo yẹ dátábéèsì wò, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí mo fi console.log, tó ń tẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síta, sí gbogbo ibi tí ìbéèrè náà ń gbà ni mo tó rí i pé ìlà 40 ni app.use tó ń pe express.json wà, ojú ọ̀nà tèmi sì wà ní ìlà 31. Ìbéèrè náà ti dé ọ̀dọ̀ mi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò bá a tú ẹrù rẹ̀. Mo gbé ìlà kan lọ sókè, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àmọ́ ìṣètò (config) ló fìyà jẹ mí jù. Pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọ sáfà), àdírẹ́sì dátábéèsì àti ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń wà nínú fáìlì .env, kóòdù yóò sì kà wọ́n láti inú process.env. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé string, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, ni gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ wá. Mo kọ SEND_EMAIL=false sórí ẹ̀rọ ìdánwò wa, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí if inú kóòdù náà ń bèèrè kò ju bóyá nǹkan wà nínú process.env.SEND_EMAIL lọ, JavaScript sì ka string èyíkéyìí tí kò ṣófo sí òótọ́, ìbáà jẹ́ "false" ni a kọ sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn oníbàárà gidi ti gba ìwé gbèsè tí wọn kò jẹ. Ìyá àgbà kan pè wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò sì tíì gbàgbé ohùn yẹn.

Láti ìgbà náà, fáìlì kan ṣoṣo, config.js, ni mo ń jẹ́ kí ó fọwọ́ kan process.env. Níbẹ̀ ni mo ti ń fi Number sọ PORT di nọ́ńbà, tí mo ti ń fi SEND_EMAIL wé 'true', tí mo sì ń dá sáfà dúró lójú ẹsẹ̀ bí DATABASE_URL kò bá sí, nítorí pé ó sàn kí ó kọ̀ láti dìde lójú wa ju kí ó dákú lóru lọ. Ẹ kọ .env sínú .gitignore, àkójọ ohun tí git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) kò gbọ́dọ̀ kó, kí ẹ sì fi .env.example tí kò ní àṣírí nínú sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti bọ́ sínú git, pípa fáìlì náà rẹ́ kò tó, torí ó ṣì wà nínú àwọn commit (ẹ̀dà tí git ti tọ́jú) àtijọ́. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà fúnra rẹ̀. Bí sáfà bá sì ń ṣiṣẹ́ nínú Docker, tó ń ti ètò mọ́ inú àpótí tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ará ìta kò rí i, ẹ wò ó bóyá 127.0.0.1 (inú àpótí náà nìkan) ló ń tẹ́tí sí dípò 0.0.0.0 (gbogbo ọ̀nà tó wọlé).

Ohun kan ṣì kù tó kéré lójú. Express máa ń ka iye nǹkan tí function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) kan ń gbà, èyí tó bá sì gba mẹ́rin, ìyẹn err, req, res àti next, òun ló ń fa àṣìṣe lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ESLint, ètò tó ń yẹ kóòdù wò, sọ fún àbúrò wa kan pé ẹnikẹ́ni kò lo next, ó sì yọ ọ́ kúrò tọkàntọkàn. Àṣìṣe kò gba ibẹ̀ mọ́. Express fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn, nítorí pé a kò sì fi NODE_ENV, tó ń sọ irú ibi tí sáfà ti ń ṣiṣẹ́, sí production (ibi tí oníbàárà gidi ti ń lò ó), ó ń to orúkọ àwọn fáìlì inú ilé wa síwájú oníbàárà. Ẹ fi next sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí òkè rẹ̀.