Ẹ Pa Áàpù Yẹn Ná Kẹ́ Ẹ Tó Yin Pádì Yín

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin báyìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú pádì géèmù tó jẹ́ pé áàpù kan báyìí gbọ́dọ̀ wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe tèmi o, ẹ má bi mí nísàlẹ̀.

Pádì náà rẹwà, kí n má purọ́. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó wúwo dáadáa lọ́wọ́, ó sì ń dáhùn kíá. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń tò ó, èyí ni kó máa fò, èyí ni kó máa dí ẹ̀ṣẹ́, èyí ni kó máa gbé èèyàn ṣánlẹ̀, títí ìka mi fi mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ. Inú áàpù ni gbogbo ètò yẹn ń gbé, kò sí ẹyọ kan nínú pádì fúnra ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bìkítà. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ó wá di Sátidé, fáínà ìdíje géèmù ìjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mẹta ló gbà á. Mo ti na bọ̀bọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òun ò tíì rí ẹyọ kan! Àbúrò mi jókòó tì mí, ó ń pariwo, èmi náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti gbé ife fún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀, mo gbá a, mo gbé e ṣánlẹ̀, ẹ̀mí ẹ̀ ti kù díẹ̀ báyìí, ni pádì mi bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ tí mo fi ń jà dúró gbagidi.

Mo tẹ bọ́tìnnì ìfò, kò fò. Mo yí igi ọwọ́ òsì, kàkà kí ọmọ yẹn rìn, áró máòsì ni mo rí tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ káàkiri ojú kọ̀ǹpútà! Mo tún tẹ òmíràn, òun ló wá di kíliìkì, kíliìkì yẹn bọ́ síta géèmù, ni géèmù bá wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ni mo bá ń wo àwòrán òdòdó tí mo fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà mi. Mò ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ o. Mò ń gbọ́ ọ gbà, gbà, gbà nínú ẹ́àfóònù, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń lù, mi ò sì rí nǹkan kan ju òdòdó lọ. Àbúrò mi ń pariwo pé "Bọ̀dá, ẹ fò! Ẹ fò kẹ̀!" Kí n fi kí ni fò?

Nígbà tí mo fi máa fi máòsì gidi gbé géèmù pa dà, ẹ̀mí mi ti tán. Bọ̀bọ́ yẹn wá kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i pé "ṣé o ti sùn ni?" Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù, ju ìyà tí wọ́n fi jẹ mí lọ, torí wọ́n rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé áàpù ti pa ara ẹ̀ láti ṣe ápúdéètì. (Ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti pa ápúdéètì yẹn tẹ́lẹ̀. Mo pa á! Òun ló tún ara ẹ̀ tàn lẹ́yìn ápúdéètì tó kọjá.) Mo ṣí i pa dà, ó ní kí n kọ páásíwọ̀ọ̀dù. Mo kọ páásíwọ̀ọ̀dù, ó ní àwọn ń tún sáfà (kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ṣe lọ́wọ́, kí n pa dà wá tó bá yá. Íntánẹ́ẹ̀tì mi ń lọ geere o, sáfà tiwọn ni kò sí. Pádì tó wà lọ́wọ́ mi, tí wáyà ẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà mi, ẹlòmíì níbòmíì ni mo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó lè fò.

Àbúrò mi ní "Bọ̀dá, ẹ gba tèmi." Tiẹ̀ yẹn ni pádì oníwáyà lásán tí mo máa ń pè ní pádì ọmọdé. Mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kíbọ́ọ̀dù ni mo fi jà, wọ́n nà mí. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo gba pádì ọmọdé, ìka mi wá ń wá bọ́tìnnì ẹ̀yìn tí kò sí níbẹ̀. Mẹ́ta sí méjì. Ọjọ́ kejì sáfà wọn pa dà, gbogbo ẹ̀ dáa, ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra pádì, kẹ́ ẹ tó fi í fọ́nnu fún ẹnikẹ́ni, ẹ pa áàpù ẹ̀. Kẹ́ ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn tẹ X, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ibẹ̀ ló máa ń sá sí. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀, ẹ tẹ Enter, ibi tí Windows ń to orúkọ pádì tó bá rí sí ló máa ṣí. Tí orúkọ pádì yín ò bá jáde, tó wá jẹ́ pé áró máòsì ló ń bá yín rìn, irú tèmi lẹ rà yẹn. Tó bá jáde, ó dáa, àmọ́ ẹ ṣì ṣí géèmù fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Láti ayé Xbox 360 ní 2005 ni ọ̀pọ̀ géèmù orí Windows ti ń gbọ́ èdè kan tí wọ́n ń pè ní XInput, tí pádì ò bá sì sọ èdè yẹn, àfi kó ní ògbufọ̀. Pádì PS4 pàápàá máa ń jáde nínú joy.cpl, síbẹ̀ géèmù tó jẹ́ XInput nìkan ló ń gbọ́ ò ní dá a lóhùn àfi tí áàpù bíi Steam tàbí DS4Windows bá ń bá a túmọ̀. Ògbufọ̀ ò burú. Èyí tó burú ni ògbufọ̀ tó lè jáde lọ nígbà tó bá wù ú, tẹ́ ẹ bá pè é, á ní kẹ́ ẹ kọ páásíwọ̀ọ̀dù.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ bèèrè bóyá inú pádì ni ètò bọ́tìnnì yín ń gbé àbí inú áàpù. Àwọn kan ní ibi ìpamọ́ nínú ara wọn, ká lọ wá irú ẹ̀. Ká ní tèmi ní in ni, mi ò ní jẹ ìyà yẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ pa áàpù yẹn. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, mò ń tún un sọ ni torí ẹnì kan sọ fún mi pé "áàpù tèmi ò tíì pa ara ẹ̀ rí." Tèmi náà ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, fún oṣù méjì!

Tẹ́ ẹ bá rò pé àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké nìkan ló ń ṣe é, ẹ rántí Stadia, ètò tí Google fi ń jẹ́ kí èèyàn ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Pádì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ wáyà, Wi-Fi ló fi ń bá sáfà Google sọ̀rọ̀ tààrà nígbà tí Stadia ṣì wà. Ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ti Stadia pa, ìyẹn ni pé ilé tí pádì ń lọ ti wó. Mo gbà fún wọn o, wọ́n gbé ọ̀nà kan jáde tí èèyàn lè fi ṣí Bluetooth inú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, tó bá sì ti ṣe é, kò sí Wi-Fi mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní ìparí 2023 lọ́nà yẹn máa tì, wọ́n tún wá sún un síwájú. Ẹ wò ó, pádì tó ti wà nílé èèyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dá ọjọ́ fún yẹn.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ta o. Méjì sí òdo ni mo wà kó tó ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìdíje míì ti ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́ pé kó yá mi ní pádì oníwáyà ẹ̀, ó ní òun náà ti forúkọ sílẹ̀, pé kí n lo kíbọ́ọ̀dù.